Ará Sánmà Tó Ń Ránṣọ ní Ìgbògbò

Ní ọjọ́ kejì tí mo dé Ìgbògbò ní Ìkòròdú, mo lọ ra búrẹ́dì, báírò ni mo gbà bọ̀ wálé.

Ẹ má bá mi wí. Lọ́dọ̀ tiwa ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pẹn la ń pe búrẹ́dì. Àwọn Faransé ló kó o dé, wọ́n sì ta orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Mo dúró níwájú obìnrin tó ń tajà, mo kí i dáadáa, mo ní kó fún mi ní pẹn kan. Ó bi mí pé, "Búlúù àbí dúdú?" Mo rò ó wò. Mo ní, "Èyí tó bá rọ̀." Ó wò mí títí, ó fún mi ní búlúù.

Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé àwọn ti kúrò nílé. Òtútù á ti sọ fún wọn kí wọ́n tó jáde ní pápákọ̀ òfurufú. Èmi, ẹnubodè kan ṣoṣo ni mo kọjá, àwọn tí mo bá lódìkejì sì ń sọ èdè ìyá mi, mo wá rò pé ilé ìbátan ni mo dé. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá ẹni, tí wọn kò sì gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ, ìdálẹ̀ gidi nìyẹn.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo mọ̀, Ìyá Ṣàkírù ló sì gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni Ìyá Ṣàkírù, obìnrin gíga kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, tó ti ń gbé Ìgbògbò láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń dáko níbi tí ilé epo wà báyìí. Ó fún mi ní igun kan lẹ́bàá fèrèsé. Èmi ló ń pààrọ̀ síìpù, èmi ló ń fún aṣọ tó bá tóbi, èmi ló sì ń tú èyí tó bá fún. Aṣọ àlẹ̀mọ́ra àti ti ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ ló ń rán an.

Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, oníbàárà á yíjú sí Ìyá Ṣàkírù. "Ẹ̀gùn ni?" Bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

Èmi á ní, "Rárá, Yorùbá ni mí. Ọmọ Kétu."

"Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máìlì Tuẹ́lífù?"

"Kétu ti Bẹ̀nẹ̀."

"Ẹn-ẹn. Ẹ̀gùn ni."

Mo ṣàlàyé títí ó sú mi. Nígbà tó yá, tí wọ́n bá ti bèèrè Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máìlì Tuẹ́lífù, mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì ní kò jìnnà kẹ̀, kí ló dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń pè. Ìpè àkọ́kọ́ ni mo ti bá ara mi jẹ́. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?" Mo ní ó wà. Ó ní, "Ṣé ó dára?" Mo ní gíláàsì ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀. Irọ́ náà kéré, ó mọ́ tónítóní, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bèèrè bóyá mo ti ní ọmọṣẹ́. Mo ní méjì, Súfí àti Rónkẹ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ìyá mi ń bèèrè wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́ kí ìdáhùn mi máa jọ ara wọn. Súfí ṣàìsàn, ara rẹ̀ yá. Rónkẹ́ bá mi jà, ó padà wá tọrọ gááfárà. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Rónkẹ́ ti délẹ̀ kí n tó rántí pé mi ò ní ọmọṣẹ́ kankan.

Lẹ́yìn ìpè bẹ́ẹ̀, n kì í lè jẹun. Èmi tí mo ní ọmọṣẹ́ méjì, n kò ní ẹnì kan tí mo lè bá rìn dé òpin àdúgbò.

Fíìmù ni Ìyá Ṣàkírù máa ń wò tó bá ń ṣẹ́ etí aṣọ. Á gbé fóònù ti agolo òwú, a jọ máa ń wò ó. Fíìmù àwọn tí kò lówó ló fẹ́ràn jù, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò kan kó ara wọn jọ ṣe, tí ẹnì kan náà sì jẹ́ dókítà ní ìbẹ̀rẹ̀, tó tún jẹ́ òkú ní ìparí. Nínú àwọn wọ̀nyí, èyí tó ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ará sánmà.

Mo rántí àkọ́kọ́ tí mo wò. Ìkòkò ìdáná méjì ni wọ́n dojú kọra tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ òfurufú, okùn tí wọ́n fi so ó rọ̀ sì hàn kedere bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ọkùnrin kan jáde nínú rẹ̀, ó kun ojú ní àwọ̀ ewé, ó ní òun wá láti fi ìbọn iná pa gbogbo ayé run. Ó tẹ ìbọn, ìbọn kò ṣe nǹkan kan. Kò ní ṣáàjì. Wọ́n sì ti mú iná lọ. Ló bá gbé ìbọn rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù. Ó fẹ́ gba iwájú, obìnrin kan sì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tò."

Mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi.

Mo ti ronú lórí ẹ̀rín yẹn nígbà púpọ̀. Mo ti wo fíìmù àwọn olówó, ti òyìnbó. Tí àlejò bá já bọ́ láti òkè nínú tiwọn, gbogbo ìlú ni yóò sá, ṣọ́jà á yọ, ààrẹ á bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó kọ irú ìyẹn kò tíì rí wa rí. Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá já bọ́ láti òkè, ẹnì kan á sọ fún un pé kó sún, ó dí iwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Òótọ́ tó wà nínú ìkòkò méjì yẹn pọ̀ ju èyí tó wà nínú gbogbo ọkọ̀ olówó ńlá wọn lọ.

Okùn yẹn náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù mọ̀ pé a rí okùn. Àwa náà mọ̀ pé wọ́n mọ̀. A kàn jọ gbà pé ọkọ̀ òfurufú ni. Èmi tí mo ti ń fi ọmọṣẹ́ méjì bo okùn tèmi mọ́lẹ̀ láti oṣù mélòó kan wá, ara tù mí láti rí àwọn èèyàn tí kò bo tiwọn.

Bọ̀dá Gàní ló mú fíìmù ṣíṣe wọnú ṣọ́ọ̀bù wa. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó ń tún fóònù ṣe nítòsí Gáráàjì Ìkòròdú, fóònù tó bá sì tún ṣe tán ló fi ń ya fíìmù kí ẹni tó ni ín tó wá gbà á. Lọ́jọ́ kan ó kó nǹkan méje dídán wọlé, irú èyí tí wọ́n ń fi bo gíláàsì mọ́tò lójú oòrùn, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan. Ó ní kí a fi rán aṣọ fún ọbabìnrin tó ti sánmà wá.

Ìyá Ṣàkírù kò gbójú sókè. Ó nàka sí mi. "Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Ẹsẹ̀ mélòó ni ọbabìnrin náà ní? Ṣé ó máa ń jókòó? Níbo ni síìpù yóò wà, torí nǹkan yìí kò ní ṣeé wọ̀ láti orí? Mo rí i pé kò dá mi lóhùn. Ẹnu mi ló ń wò.

Ó ní, "Àǹtí télọ̀, jọ̀ọ́, tún un sọ."

"Èwo?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé òun ń wá ẹni tó máa ṣe ọbabìnrin náà, ẹni tó ń sọ Yorùbá tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni níbí. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Mo ní, "Ṣé ohùn mi ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?"

Ó họ orí. "Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó máa wà níwájú ẹ nínú eré náà ni."

Mo ní kó wá gba aṣọ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó lọ. Inú bí mi débi pé mo rán apá aṣọ oníbàárà kan pa. Ìyá Ṣàkírù jẹ́ kí n tú u tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Láti ọjọ́ tó o ti dé ni wọ́n ti ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín," ó ní. "Tó o bá dúró níwájú kámẹ́rà, ó kéré tán, ìwọ lo máa mọ ìgbà tí wọ́n máa rẹ́rìn-ín."

Nígbà tí Bọ̀dá Gàní padà wá ní Ọjọ́bọ̀, mo ti wọ aṣọ náà sọ́rùn. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá wù mí ni n óò máa sọ. Ó ní ìyẹn náà á dín ìwé tí òun fẹ́ kọ kù.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ ya eré ni ilẹ̀ gbalasa kan nítòsí Gáráàjì. Táńkì omi dúdú tí wọ́n gé sí méjì ni ọkọ̀ òfurufú wa, wọ́n fi bébà dídán wé e, wọ́n gbé abọ́ sátẹ́láìtì lé e lórí. Mo wà nínú rẹ̀, ooru fẹ́ pa mí. A ò tíì ya ohunkóhun nígbà tí ọkùnrin kan yọ, ó gbé ìwé pélébé pélébé dání.

Ó ní, "Ta ló ni èyí? Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà?"

Bọ̀dá Gàní ní eré ni, ọkọ̀ òfurufú ni.

"Ọkọ̀ ni àbí kì í ṣe ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ ni."

"Ṣé ó kó èrò?"

Gbogbo wọn wo inú táńkì. Mo jùwọ́ sí wọn.

"Ó kó èrò kan," Bọ̀dá Gàní gbà. Mo rí i tó ń ṣẹ́jú sí ẹni tó mú fóònù dání pé kó máa yà á lọ. Ìran yẹn wà nínú fíìmù títí dòní, a ò yọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Nígbà tí a sọ fún ọkùnrin náà pé a ti ya òun, ó ní kí a tún un yà, fìlà tí òun dé kọ́ ni fìlà òun tó dára.

Ọjọ́ kejì a lọ sí Ẹ̀pẹ́, sínú ọjà ẹja. Mo rò pé àwọn obìnrin ọjà á ké tí wọ́n bá rí mi, tí mo ń dán wìnnìwìnnì pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì lójú. Kò sẹ́ni tó ké. Ọ̀kan tó ń ṣa ẹja nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú etí aṣọ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló rán èyí fún ọ? Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba."

Mo gbàgbé pé ará sánmà ni mí. Mo ní, "Èmi ni. Ó dọ́gba."

"Kò dọ́gba. Wá wò ó láti ibí."

A jiyàn títí tí àwọn mìíràn fi dá sí i. Bí àwọn náà ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, èdè Ìjẹ̀bú ti ibẹ̀, ìdajì rẹ̀ kò yé mi. Kò sì yé Ìyá Ṣàkírù náà rí, òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Síbẹ̀ mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní Ẹ̀gùn. Mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹnu tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe pẹ́ tó tí èèyàn ti ń sọ ọ́ níbì kan ló kàn. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn jàre. Aṣọ náà kò dọ́gba.

Bàbá Mùdá ló ṣe akọ̀wé ìjọba nínú eré náà. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ṣe fẹ̀yìntì ní tòótọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá Bọ̀dá Gàní ni, pálọ̀ rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ sì ni a lò bí ọ́fíìsì. Ó sọ fún mi nígbà tí wọ́n ń to tábìlì pé àwọn náà kì í ṣe ará ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni àwọn baba ńlá wọn ti sá wá. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni pé ọbabìnrin fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti ṣẹ́gun ayé, akọ̀wé á da ìbéèrè bò ó, inú á bí i, á sì fi iná jó ọ́fíìsì náà. Bàbá Mùdá kò wo ìwé kankan. Ó bi mí ní orúkọ, orúkọ bàbá, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí wọ́n bí mi sí. Ó ní, "Ìpínlẹ̀ wo lo ti wá?" Mo ní sánmà. Ó ní, "Ìjọba ìbílẹ̀ wo?"

Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í bínú níbẹ̀. Mi ò rí ìbínú.

Ó tún bèèrè. Ó wá ní, "Kò burú. Ta lo mọ̀ níbí tó lè dúró fún ọ?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

"Èmi? Níbo lo ti mọ̀ mí?"

Mo ní, "Láti òwúrọ̀ yìí ni, Bàbá. Ẹ ti bèèrè orúkọ mi, ẹ bèèrè orúkọ bàbá mi, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n bí mi sí. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, kò sẹ́lòmíràn tó tíì bi mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo mọ̀ jù."

Bàbá Mùdá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún dé e. Ọgbọ̀n ọdún tó fi jókòó sídìí tábìlì ló gbà á sílẹ̀. Ó ti fọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Ó dáa. Lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ara rẹ mẹ́ta wá."

Bí Bọ̀dá Gàní ṣe gbé fíìmù náà sórí ẹ̀rọ ayélujára ni fọ́tòkọ́pì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn láti Ìkòròdú dé ibi tí mi ò mọ̀. Mo bọ́ sí títì, ẹnì kan ní, "Ará sánmà, mélòó lo ti ṣe?" Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá dúró fún mi, ó ní ṣé ọkọ̀ mi bàjẹ́ ni. Àwọn obìnrin tó ń bèèrè mi lọ́wọ́ Ìyá Ṣàkírù tẹ́lẹ̀ wá ń yíjú sí èmi gan-an, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ ná kí n tó wọ̀n wọ́n. Kò sẹ́ni tó tún pè mí ní Ẹ̀gùn mọ́. Wọ́n ti gbé mi ga, mo ti kúrò ní ará Bẹ̀nẹ̀, mo ti di ará òkè ọ̀run. Ní ọjọ́ kan á dùn mọ́ mi nínú, ní ọjọ́ kejì á dùn mí.

Lọ́sẹ̀ yẹn ìyá mi kò pè. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò pè. Mo pe fóònù rẹ̀, àbúrò mi Àfúsá ló gbé e. Ó ní, "Ìyá ní kí n sọ pé àwọn ń sinmi."

"Ní ọ̀sán gangan?"

Àfúsá dín ohùn kù. Ó ní fíìmù náà ti dé agbo ilé wa. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ fún Ìyá pé mo ti wẹgbẹ́ iwin. Wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn fún un, ó ti yé e. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù náà, níbi tí ọbabìnrin ti lọ tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ṣọ́ọ̀bù wa ni Bọ̀dá Gàní lò. Ìyá ti rí igun mi. Ó ti rí orúkọ Ìyá Ṣàkírù lára páálí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó sì ti wá gíláàsì títí, kò rí i.

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo jókòó. Mo ti dúró níwájú gbogbo Ìkòròdú pẹ̀lú ìbòjú mọ́tò lára, ojú kò tì mí. Ojú wá tì mí níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò mí.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ni Ìyá pè. Oníbàárà méjì wà nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sídìí ẹ̀rọ bí ẹni pé ó ń rí mi.

"Ṣọ́ọ̀bù gíláàsì dà?"

"Kò sí, Ìyá."

"Súfí ńkọ́?"

"Kò sí."

"Rónkẹ́ tó ń ṣègbéyàwó ńkọ́? Mo ti ra aṣọ kan sílẹ̀ fún un."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Kò sí."

"Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń dárúkọ wọn nínú àdúrà," ó ní. "Ta ló wá ń gba àdúrà yẹn?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ òtítọ́ fún un, igun mi, síìpù, gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Ó wá ní òun ti wo eré náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní gbogbo agbo ilé ló rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín níbi fọ́tòkọ́pì.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí," ó ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò sẹ́ni tó fún àlejò yẹn lómi."

"Eré ni, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé eré ni, orí mi kò dà rú. Ìwọ ni mò ń bi. Nígbà tó o dé ibẹ̀, ṣé wọ́n fún ọ lómi?"

Mo fẹ́ dáhùn kíákíá, mo dá ara mi dúró. Irú ìdáhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ ló bí Súfí àti Rónkẹ́. Mo ronú sí i dáadáa.

"Wọ́n fún mi," mo ní. "Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi."

"Ta ni?"

Mo dìde, mo fi fóònù lé Ìyá Ṣàkírù lọ́wọ́.

Ó tó ìdajì wákàtí tí àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀. Wọ́n kí ara wọn kú òwúrọ̀, kú iṣẹ́, kú ọmọ, kú ilé. Mo mọ̀ pé Ìyá Ṣàkírù kò gbọ́ ìdajì ohun tí ìyá mi ń sọ, torí ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," níbi tó yẹ kó ti sọ pé rárá. Àwọn oníbàárà jókòó, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ní, "Rárá o, wọn ò pe èmi sí fíìmù yẹn." Ó tún tẹ́tí sí ìyá mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọn aṣọ fún mi.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní sínú fóònù. "Ó wà lọ́dọ̀ mi."